Dróònù Kékeré Tí À Ń Tò Fúnra Wa: Ohun Tó Yẹ Kí Àgbẹ̀ Mọ̀ Kó Tó Fowó Sí I

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé oṣooṣù àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀)

  

Níbi ìpàdé wa tó kọjá, lẹ́yìn tí a parí ọ̀rọ̀ lórí kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo, àwọn kan nínú yín béèrè ohun tí kò sí nínú ètò wa. Ẹ ní àwọn ọmọ yín tó ti jáde ìwé mẹ́wàá ń tọrọ owó láti ra àpótí dróònù, pé àwọn fẹ́ tò ó fúnra àwọn. Àwọn kan ní ìyẹn á bá wa fín oògùn sóko. Àwọn míì ní eré ọmọdé lásán ni. Mo ṣèlérí pé màá dá yín lóhùn lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Dróònù tí àwọn ọmọ yìí ń sọ kò lè fín oògùn sí oko yín. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fi ẹ̀sọ̀ tò ó, tó ń dán ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò kó tó bọ́ sí òmíràn, á kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí oko wa máa nílò. Ọmọ tó bá fi ìwàǹwára tò ó á jó owó yín, ó sì lè jó ilé yín pẹ̀lú.

IRÚ DRÓÒNÙ WO LÀ Ń SỌ?

Dróònù ni ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní awakọ̀ nínú. Oríṣiríṣi ló wà. Ní Japan, ilé iṣẹ́ Yamaha ti ṣe hẹlikópítà aláìláwakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní R-50 ní ọdún 1987, kí ó lè máa fín oògùn sí oko ìrẹsì. Ní ọdún 2015, ilé iṣẹ́ DJI ti ilẹ̀ Ṣáínà gbé Agras MG-1 jáde, èyí tó lè gbé oògùn olómi tó wúwo tó kílò 10. Àwọn wọ̀nyẹn ni dróònù oko.

Èyí tí àwọn ọmọ yín ń sọ, dróònù eré ìje ni. FPV ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń darí rẹ̀ kì í wò ó láti ilẹ̀, ojú dróònù gan-an ló fi ń ríran. Kámẹ́rà kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sínú awò tí ẹni náà dè mọ́ ojú, àfi bí ẹni pé ó jókòó sínú rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2011 ni àwọn ènìyàn ti ń fi irú rẹ̀ sá eré ìje ní Jámánì. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, wọ́n ṣe ìdíje ńlá kan ní Dubai. Luke Bannister, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ju ọmọ ọdún 15 lọ, ló gbé ipò kìíní, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba 250,000 dọ́là. Ìdí nìyẹn tí ojú àwọn ọ̀dọ́ fi wà lára rẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe tó. Láti mọ́tò igun kan dé ti igun tó dojú kọ ọ́, ó tó sẹ̀ńtímítà 22. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ gùn ní íǹṣì 5. Pẹ̀lú bátìrì, kì í sábà wúwo tó kílò kan. Ó lè sáré ju kìlómítà 100 lọ ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ni bátìrì rẹ̀ máa fi gbé e. Tánkì ìfínko tí ẹ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ń gba omi líta 15 tàbí 16. Ṣé ẹ rí i pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́? Ẹnikẹ́ni tó bá ní èyí máa bá yín fín oògùn, ẹ má fowó lé e lọ́wọ́.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÀPÓTÍ

1. Egungun rẹ̀, tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù ṣe. Ó fúyẹ́, ó sì le.
2. Mọ́tò mẹ́rin. Kì í ṣe mọ́tò tí à ń wọ̀ lọ sọ́jà o! Ẹ̀rọ kékeré tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ni.
3. Bọ́ọ̀dù apínná, tó ń pín iná bátìrì fún mọ́tò kọ̀ọ̀kan.
4. Bọ́ọ̀dù ọpọlọ. Òun ló ń mọ̀ bí dróònù bá dagun tàbí bó bá dorí kodò, òun ló sì ń pàṣẹ fún mọ́tò láti tún un ṣe.
5. Agbọ́rọ̀, tó ń gba àṣẹ láti ọwọ́ ẹni tó di rìmóòtù mú.
6. Kámẹ́rà àti agbéwòrán, pẹ̀lú éríà rẹ̀.
7. Abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin, àti àpọ̀jù, nítorí abẹ̀bẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kán.

Ọ̀pọ̀ àpótí ni kò ní rìmóòtù, awò ojú, bátìrì àti ṣájà nínú. Ẹ kíyèsí èyí dáadáa. Owó àwọn mẹ́rin yìí lè tó owó àpótí fúnra rẹ̀, ó sì lè jù ú lọ. Ọmọ tó bá sọ iye àpótí nìkan fún yín kò tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹgbẹ́ ra rìmóòtù kan, awò kan àti ṣájà kan tó dára, kí àwọn ọmọ jọ máa lò wọ́n. Wọn kì í tètè bàjẹ́, a sì lè fi wọ́n darí dróònù mìíràn lẹ́yìn èyí. Ẹ lè fi owó pamọ́ lórí kámẹ́rà àti egungun. Ẹ má fi owó pamọ́ lórí ṣájà àti bátìrì. Owó irúgbìn àti owó ajílẹ̀ kọ́ ni kí ẹ fi rà á o.

BÍ A ṢE Ń TÒ Ó

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún sí i. Kí ó ṣe é lórí tábìlì, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, nítorí èéfín lẹ́ẹ̀dì kò dára fún àyà. Irin ìjólẹ́ẹ̀dì tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò ló máa nílò. Bí irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà ládùúgbò yín, kí ọmọ lọ jókòó tì í fún ọjọ́ mélòó kan ná.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ to gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kà wọ́n mọ́ ìwé tó bá a wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ de mọ́tò mọ́ egungun. Ẹ wo gígùn ìdè rẹ̀ kí ẹ tó fún un. Wáyà bàbà ni wọ́n wé sínú mọ́tò. Bí ìdè bá gùn jù, á lọ gún bàbà náà, mọ́tò á sì jó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá fún un tán, ẹ fi ọwọ́ yí mọ́tò wò, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fi bọ́ọ̀dù apínná sí àárín, kí ẹ jó wáyà mẹ́ta mẹ́ta ti mọ́tò kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Ojú ibi tí lẹ́ẹ̀dì ti mú dáadáa máa ń dán, á sì tẹ́ bí epo tó yọ́. Bó bá dúró gbágungbàgun bí ẹ̀gbẹ̀, kò mú. Ẹ tún un jó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ jó okùn bátìrì mọ́ ọn. Pupa lọ sí ibi tí wọ́n kọ àmì ìròpọ̀ sí, dúdú lọ sí ibi àmì ìyọkúrò. Ibẹ̀ náà ni kapásítọ̀ máa wà, èyí tí kì í jẹ́ kí iná tó ń fò sókè sódò ba bọ́ọ̀dù jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ní ìlà ló ń lọ sí àmì ìyọkúrò. Bí ẹ bá yí i padà, ó lè bú gbàmù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìdánwò. Ibí yìí ni ìwàǹwára ti máa ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ má tíì fi bátìrì sí i o. Ẹ fi mítà tí àwọn ẹlẹ́tíríkì ń lò wò ó bóyá pupa àti dúdú ti kan ara wọn níbì kan. Bí mítà bá ń ké láìdákẹ́, iṣẹ́ ti kù díẹ̀ káàtó, ẹ wá ibi tó ti kan. Bí kò bá ké, ẹ mú gílóòbù iná ọkọ̀, ti fólítì 12, kí ẹ fi sí àárín okùn pupa bátìrì àti ti dróònù. Ẹ wá fi bátìrì sí i. Bí gílóòbù bá tàn fìrí tó sì kú, ó dára. Bó bá ń tàn gbòò tí kò kú, ẹ yọ bátìrì kíá. Gílóòbù yẹn ti gba bọ́ọ̀dù yín lọ́wọ́ iná. Ẹ wo bí ohun tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ṣe ń ṣọ́ ohun olówó ńlá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ gbé bọ́ọ̀dù ọpọlọ lé orí rọ́bà rẹ̀, nítorí kò fẹ́ gbígbọ̀n. Ọfà kékeré kan wà lára rẹ̀. Kí ẹnu ọfà náà kọjú síwájú.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ so agbọ́rọ̀, kámẹ́rà àti agbéwòrán mọ́ ọn. Ẹ má ṣe tan agbéwòrán láìfi éríà sí i. Bí agbára rẹ̀ kò bá ríbi gbà jáde, òun fúnra rẹ̀ ló máa jó.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Betaflight, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ dróònù síwájú, kí ẹ wò ó bóyá àwòrán rẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà tẹ̀ síwájú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, kí ẹ wò ó bákan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ yí mọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjì tó dojú kọ ara wọn láti igun dé igun máa ń yí sí apá kan náà, àwọn méjì yòókù á yí sí òdìkejì. Bí gbogbo wọn bá yí sí apá kan ṣoṣo, dróònù á máa pòyì bí òkòtò. Inú Betaflight yìí náà lẹ ti lè yí ọ̀nà mọ́tò padà, ẹ kò nílò láti tú lẹ́ẹ̀dì.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ tan mọ́tò pẹ̀lú rìmóòtù, kí wọ́n máa yí. Ẹ wá pa rìmóòtù. Mọ́tò gbọ́dọ̀ dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí wọn kò bá dúró, dróònù yín kò tíì ṣe tán, nítorí ọjọ́ tó bá jìnnà tí kò gbọ́ àṣẹ mọ́, ó lè lọ já lé ọmọ ọlọ́mọ lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ìgbà yìí ni abẹ̀bẹ̀ tó ó wọlé. Abẹ̀bẹ̀ ló kẹ́yìn o! Abẹ̀bẹ̀ yìí ń yí ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ó sì lè gé ìka. Nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ tún un so mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ yọ abẹ̀bẹ̀. Ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn tó bá ní "ìṣẹ́jú kan péré ni mo fẹ́ fi wò ó".

BÁTÌRÌ: OHUN TÓ YẸ KÍ A BẸ̀RÙ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gbọ́ èyí ju gbogbo èyí tó kù lọ, nítorí inú ilé yín ni ohun yìí máa sùn. Bátìrì dróònù kò dà bíi ti tọ́ọ̀ṣì. Líthíọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, ara rẹ̀ sì rọ̀. Bó bá gbiná, kì í dúró kí á pe aládùúgbò.

Ẹ fojú inú wo bátìrì náà bí ilé oníyàrá mẹ́rin. Bí yàrá kọ̀ọ̀kan bá kún, ó máa ń jẹ́ fólítì 4.2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16.8. Kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Bí yàrá kan bá sì ti sún mọ́ 3.5 lójú òfuurufú, kí dróònù sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá lò ó gbẹ pátápátá, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí a kò bá ní lò ó fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ jẹ́ kí yàrá kọ̀ọ̀kan wà ní nǹkan bíi 3.8. Ẹ mọ̀ ọ́n bí a ṣe ń tọ́jú àgbàdo sínú àká: tútù rẹ̀ á bu, èyí tí a sá jù á fọ́. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni.

Àwọn òfin rẹ̀ nìyí:

– Ṣájà tó ń wọn yàrá kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ lò. Bátìrì tí wọ́n kọ 1500 sí lára, ámpù 1.5 ni kí ẹ fi gba iná sí i.
– Orí sìmẹ́ńtì ni kí ẹ ti gba iná sí i, kó jìnnà sí kẹrosíìnì, bẹntiróòlù, aṣọ àti koríko. Ẹ má gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láéláé.
– Ẹni kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í. A kì í gba iná sí i kí á lọ sùn, a kì í gba iná sí i kí á lọ sóko.
– Ẹ gbé garawa yanrìn sí tòsí. Bó bá gbiná, èéfín rẹ̀ burú, kí àwọn ọmọdé jáde síta ná.
– Bí bátìrì bá wú bí ikùn màlúù tó jẹ koríko tútù lájẹjù, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹ má gba iná sí i mọ́, ẹ má gún un, ẹ má sì jù ú sínú iná tàbí odò.
– Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè dé tó ṣì gbóná, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó gba iná sí i.

BÍ A ṢE Ń MÚ UN FÒ

Dróònù tí àwọn ayàwòrán ń lò níbi ìnáwó máa ń dúró lójú kan bí a bá fi rìmóòtù sílẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ bá kúrò, á já lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọmọ kọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà kó tó gbé e sókè rárá. Àwọn eré ìkọ́ni bíi Liftoff àti Velocidrone wà, a sì lè so rìmóòtù gan-an mọ́ kọ̀ǹpútà fún un. Kí ó fi bíi wákàtí mẹ́wàá kọ́ ọ. Bó bá já lulẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún níbẹ̀, owó yín kò já lulẹ̀.

Tí ọjọ́ bá pé, ẹ wá ilẹ̀ gbalasa, bí oko tí a ti kórè tán, níbi tí kò sí ènìyàn, màlúù, ọ̀nà ọkọ̀ tàbí wáyà iná. Kí ojú ọjọ́ dára, kí atẹ́gùn má pọ̀, kí òjò má sí. Ẹni tó wọ awò kò rí ohun tó wà láyìíká rẹ̀ mọ́. Ó ti di eégún tó wà nínú agọ̀, eégún kì í sì í jáde láìní atọ́kùn. Kí ẹnì kejì dúró tì í, kó máa wo òkè, kó máa wo ilẹ̀, kó sì pariwo bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀. Kí wọ́n fi aago sí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bó bá dún, kí dróònù sọ̀ kalẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó ń dùn mọ́ wọn. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án nílẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá ti pa mọ́tò rẹ̀.

ÒFIN

Ẹ má fi èyí ṣeré. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, àjọ NCAA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà kéde pé ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe iléeṣẹ́ ìjọba, kò gbọdọ̀ gbé dróònù sókè láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò, tí wọ́n ń pè ní ONSA. Ìjọba kò ṣàdédé le mọ́ ọn. Láti ọdún 2022 ni ìhà méjèèjì ti ń fi irú dróònù FPV yìí gan-an jagun láàárín Rọ́ṣíà àti Ukraine. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn ológun wa fòfin de fífò dróònù láìgbàṣẹ ní ìhà Àríwá Ìlà-Oòrùn.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ ìwé béèrè kí ẹ tó ra ohunkóhun láti òkè òkun, kí kọ́sítọ́ọ̀mù má baà gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ sọ fún baálẹ̀ àti ọlọ́pàá àdúgbò yín. Nígbà tí ẹ bá ń dúró de àṣẹ, kí àwọn ọmọ máa kọ́ ìfò lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì máa kọ́ bí a ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì lára rédíò tó ti bàjẹ́. Ọjọ́ yẹn kò ṣòfò.

ÈRÈ WO LÓ WÀ NÍBẸ̀?

Ẹ ó bi mí pé: "Olùkọ́ àgbẹ̀, bí kò bá lè fín oògùn, kí la fẹ́ fi ṣe?" Ìbéèrè tó dára ni. Ó lè jẹ́ kí ẹ rí oko láti òkè fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ rí ibi tí àgbàdo ti pọ́n tàbí tí omi dúró sí. Ṣùgbọ́n dróònù ayàwòrán ṣe ìyẹn jù ú lọ.

Èrè rẹ̀ wà lára ọmọ tó tò ó. Dróònù ńlá tó ń fín oògùn náà ní mọ́tò, bọ́ọ̀dù apínná, bọ́ọ̀dù ọpọlọ àti bátìrì tó lè jó ilé. Bó bá bàjẹ́ lágbègbè wa, ta ló máa tún un ṣe? Ẹ rántí bí katakata ṣe ń dúró sínú igbó nítorí pé kò sí ẹni tó mọ ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ nítòsí. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ to kékeré, tó ti mọ bí a ṣe ń wá ibi tí iná ti kan, tó mọ̀ pé abẹ̀bẹ̀ ló kẹ́yìn, kò ní fi ìbẹ̀rù dúró níwájú ńlá. Ó lè má lọ sí ìgboro lọ wá iṣẹ́ tí kò sí.

Ẹ RÁNTÍ

1. Dróònù eré ìje kì í ṣe ẹ̀rọ ìfínko.
2. Owó rẹ̀ ju owó àpótí lọ. Ẹ jọ dá a gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́.
3. Ẹ gba àṣẹ NCAA àti ONSA kí ẹ tó rà á.
4. Ẹ fi mítà àti gílóòbù dán an wò kí bátìrì tó wọ̀ ọ́.
5. Abẹ̀bẹ̀ ló kẹ́yìn.
6. Ẹ má fi bátìrì tó ń gba iná sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.
7. Ẹni tó wọ awò gbọ́dọ̀ ní atọ́kùn.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, tàbí kí ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ wa tó wà ní sẹ́ẹ̀lì yín. Oko á gbè wá o.